Àwọn tí mo gé òdòdó fún ní ọdún 2022

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ sì kú ìfaradà òtútù. Yìnyín tó bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lóru ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ti yọ́ tán, bálíkónì mi ní Peckham sì dá páropáro. Ìkòkò tí mo tò lérí ara wọn ní kọ̀rọ̀ ògiri ló kù níbẹ̀, àti ọ̀pá oparun mélòó kan tí mo so pọ̀, àti ike kékeré kan tí mo da ọ̀rá bò. Màá dé orí ohun tó wà nínú ike yẹn.

Lọ́dọọdún, tó bá ti di àsìkò yìí, owó ni mo máa ń kà. Èyí tó wọlé, èyí tó jáde, ẹni tó jẹ mí, ẹni tí mo jẹ. Lọ́dún yìí, òdòdó ni mo fẹ́ kà. Ìkòkò 21 ni mo gbin òdòdó sí láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá. Mẹ́sàn-án nínú wọn kì í ṣe ìkòkò gidi, báàkẹ́tì ọ̀dà ni, tí mo fọ̀ mọ́, tí mo sì fi ìṣó gbígbóná dá ihò sí nídìí kí omi lè máa ṣàn jáde. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ihò yẹn ṣeré o. Bí omi bá dúró sídìí ewéko, gbòǹgbò á jẹrà, ewé á sì pọ́n bí ẹni pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́; ìwọ náà á tún bu omi sí i, ó di pé o fi ọwọ́ ara rẹ pa á.

Sweet pea ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òun ló fà á tí gbogbo ìyókù fi ṣẹlẹ̀. Ìbátan ẹ̀wà ni. Ó máa ń na ọwọ́ tín-ín-rín gun ọ̀pá, hóró rẹ̀ sì rí roboto bí òtílí, àmọ́ kì í ṣe jíjẹ, ó ní májèlé. Òórùn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn, ó máa ń wọlé bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní 2021 tí mo kọ́kọ́ gbìn ín, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo ní kó dúró lórí ọ̀pá rẹ̀, kí n máa wò ó. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó so èso bí ẹ̀wà ṣe ń so, ìdí rẹ̀ gbẹ, ó parí. Mo bínú sí i gan-an.

Màmá ìsàlẹ̀ ló là mí lójú. Ọmọ Jamaica ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ilé wọn ló kọjú sí àgbàlá wa. Wọ́n ní: «Ìwọ lo dá a dúró. Ohun tó gbé e wáyé ni pé kó so hóró. Tó bá ti so ó, kí ló tún ń wá? Gé e, kó lè máa wá ọmọ kiri.» Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí o bá ń gé òdòdó rẹ̀ kó tó so, á tún yọ òmíràn, á tún yọ òmíràn. Bí o bá fi sílẹ̀, iṣẹ́ parí.

Torí náà, nígbà tí ti ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, mo fa sísọ́ọ̀sì yọ. Ní ọjọ́ méjì-méjì ni mò ń gé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, ó wà lórí tábìlì, ó wà ní ilé ìdáná, ó wà nínú ilé ìwẹ̀, kò sí ife tí mo lè fi mu tíì mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ti wọlé nìyẹn. Ọdún kẹfà mi rèé nínú ilé yìí, mi ò mọ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun mọ̀ bó ṣe ń rí: a máa ń gbọ́ híhó ìkòkò ara wa, a máa ń gbọ́ ẹkún ọmọ ara wa, a kì í kí ara wa.

Mo rọ sweet pea sínú ìgò jáàmù, mo kan ilẹ̀kùn kejì. Àyà mi ń já. Bàbá kan ló ṣí i, ará Somalia, ó ṣí i díẹ̀, ó fi ojú kan wò mí. Ó bi mí pé èló ni. Mo ní kì í ṣe títà, pé ó pọ̀ lọ́wọ́ mi ni, pé bí mi ò bá gé e kò ní tanná mọ́. Ó gba ìgò náà, ó gbé e súnmọ́ imú, ó pa ojú dé. Kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, mo bá ìgò mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, dàbínù kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ẹ gbà mí gbọ́, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo jẹ mẹ́ta níbẹ̀ kí n tó wọlé.

Látìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Nígbà ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Ọbabìnrin Elizabeth lórí ìtẹ́, láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, a tò tábìlì sí àgbàlá, òdòdó mi ló sì wà lórí gbogbo wọn. Mo se ìrẹsì, àmọ́ òdòdó ni wọ́n ń bi mí léèrè. Nígbà tí Ọbabìnrin wàjà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, ọmọbìnrin kan ní òkè pátápátá wá bá mi pé òun fẹ́ gbé òdòdó lọ sí Green Park, ọgbà tí àwọn èèyàn ń kó òdòdó ìdárò Ọbabìnrin lọ. Mo gé marigold àti cosmos fún un, mo fi okùn aṣọ àǹkàrá so ó, torí wọ́n ti kéde pé kí àwọn èèyàn bọ́ ọ̀rá kúrò lára tiwọn. Nínú oṣù Keje, mo wọ bọ́ọ̀sì 78 lọ wo kòtò tó yí Tower of London ká, níbi tí wọ́n gbin hóró òdòdó tó lé ní 20 mílíọ̀nù sí nítorí ayẹyẹ kan náà. Mo dúró lókè, mo ń wò ó. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò mi ló ń wù mí í padà lọ bá.

Ooru oṣù Keje ló ba nǹkan jẹ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 19, ooru dé 40.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Coningsby ní Lincolnshire, ó dé 40.2 ní Heathrow níhìn-ín. Kó tó di ọjọ́ yẹn, kò tíì kọjá 40 rí ní gbogbo ilẹ̀ yìí. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì rí irú rẹ̀ rí. Ewéko tó wà nínú ilẹ̀ lè na gbòǹgbò wá omi lọ sísàlẹ̀, èyí tó wà nínú ìkòkò kò níbi tó lè sá sí, ohun tí o bá bù fún un ló máa mu. Mo ti ibi iṣẹ́ dé ní agogo mẹ́jọ, mo pọn omi títí di ọ̀sán, mo fi aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ṣíji bò wọ́n. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, sweet pea ti rọ, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ lọ́wọ́ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ. Geranium tó pupa yẹn kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti mú irú rẹ̀ wá.

Ọ̀kan ṣì kù tí mi ò tíì dárúkọ, òun ló sì ṣe iyebíye jù lọ́kàn mi. Ní oṣù Kẹta, mo ń wo páálí hóró òdòdó nínú ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí àwòrán kan tí wọ́n kọ Marvel of Peru sí lára. Mo pariwo. Tannápòṣó ni! Tannápòṣó ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà, tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣíjú, bí ẹni tó tan iná láti fi pa òṣó. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé láti apá ilẹ̀ olóoru ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Hóró rẹ̀ dúdú, ó hun jọ bí iyèré, òun náà kì í ṣe jíjẹ. Mẹ́fà ni mo gbìn sínú ilé, mi ò gbé wọn síta títí oṣù Karùn-ún fi dé ìdajì, tí òtútù òru ti dáwọ́ dúró.

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mò ń múra iṣẹ́, ni wọ́n ń ṣí. Pupa, funfun, àwọ̀ ìyeyè, nígbà míì gbogbo rẹ̀ lórí ìdí kan ṣoṣo. Mo fi fídíò pe màámi n'Íbàdàn. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti dárúkọ òdòdó, wọ́n á ní kí n gbin tẹ̀tẹ̀, kí n gbin ewédú. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí n sún fóònù mọ́ ọn. Wọ́n wá ní: «Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa l'Ókè-Àdó rèé.» Wọ́n sọ ìtàn ìyá wọn fún mi fún wákàtí kan gbáko, àwọn ìtàn tí mi ò gbọ́ rí. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ìyá ọlọ́mọ méjì kan, ará Kòlóńbíà, wá gba nasturtium lọ́wọ́ mi. Ó já ewé rẹ̀ kan, ó jẹ ẹ́, ó fún mi jẹ, ó ta lẹ́nu bí ata. Bó ṣe yíjú báyìí ló rí tannápòṣó. Ó ní don Diego de noche ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ àwọn. A dúró níbẹ̀ àwa méjèèjì, a ń kọ́ ara wa ní orúkọ.

Èyí tó dùn mí: gbòǹgbò tannápòṣó máa ń wú bí iṣu kékeré, ó sì yẹ kí a wú u kí òtútù tó dé. Mo wú méjì, mo fi ìwé ìròyìn dì wọ́n. Èyí tó tóbi jù, tí mo ti ṣèlérí fún Màmá ìsàlẹ̀, mo fi sílẹ̀ nínú ìkòkò, torí oṣù Kọkànlá móoru, mo ní ọ̀la, mo ní ọ̀túnla. Lẹ́yìn yìnyín, mo tẹ ọwọ́ bọ inú ilẹ̀ náà. Ó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí iṣu jíjẹrà. Mo lọ sọ fún wọn fúnra mi. Mo ti fún wọn ní ọ̀kan nínú méjì tó kù.

Inú ike tí mo da ọ̀rá bò, sweet pea ọdún tó ń bọ̀ ni. Mo gbin hóró ogún sínú rólù ìwé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní oṣù Kẹwàá, mẹ́rìndínlógún hù. Yìnyín bò wọ́n, wọn ò kú. Wọn kì í bẹ̀rù òtútù bíi tannápòṣó. Láàárọ̀ àná ni mo ń já orí wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka, tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Somalia ni. Ó gbé ọ̀rá dání, ó ní òun ti ń kó wọn jọ láti oṣù Kẹsàn-án. Ìgò jáàmù mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Ó ti fọ gbogbo wọn, ó sì ti bó ìwé ara wọn kúrò.