Wọ́n ní kí n lọ gbàdúrà sí i: ohun tí mo kọ́ nídìí owó gààrí

Ẹ̀yin tí ẹ ti yan gààrí fún ẹlòmíràn rí, ẹ mọ bí èéfín ṣe ń ta ojú. Ọ̀sẹ̀ 11 ni mo fi yan gààrí fún Ìyá Ìjọ wa lẹ́bàá Àgọ́-Ìwòyè, ₦6,000 lọ́sẹ̀, wọn ò san kọ́bọ̀. Mo lọ bá Bàbá Àlùfáà. Wọ́n ní, "Ẹ máa gbàdúrà sí i, Ìyá Ìbejì. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ìta."

Mo gbàdúrà. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ 3 mọ́ ọn.

Ó wá di ọjọ́ ìkórè. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n lé àwọn ìbejì wálé nítorí owó ilé-ìwé. Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ oṣù kọ̀ọ̀kan síwájú, Ìyá Ìjọ jó jáde nínú léèsì, àwọn ọmọkùnrin sì ń ru àpò gààrí 4 tẹ̀lé wọn. Gààrí funfun, tó kan dáadáa. Mo wo ẹnu àpò: òwú búlúù. Èmi ni mo rán an. Òwú tó ṣẹ́kù lára yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ mi ni. Wọ́n tò ó síwájú pẹpẹ, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ohun tó ń dùn mí jù títí di òní nìyẹn, pé mo pàtẹ́wọ́. Oṣù tèmi ni wọ́n pè tẹ̀lé e. ₦200 ló wà lọ́wọ́ mi, mo ká a kéékèèké kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí Jákọ́bù 5:4: owó iṣẹ́ àwọn tó kórè oko yín, tí ẹ kò san, ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ Bíbélì, mi ò mọ̀ pé owó máa ń ké.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà dí yín lẹ́nu. Opó inú Lúùkù 18, ṣé ẹ̀bá ibùsùn ló jókòó sí? Ọ̀dọ̀ adájọ́ ló ń lọ, tó ń lọ, títí ó fi sú adájọ́. Torí kí á lè máa gbàdúrà láìṣàárẹ̀ sì ni Jésù ṣe pa á lówe. Àdúrà tí Jésù mọ̀, ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ẹ̀kejì, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ọmọ mi ni mo kọ tèmi sí, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, owó iṣẹ́ kì í ṣe ìtọrẹ àánú. Léfítíkù 19:13 ní kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ọ̀gá di òwúrọ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà pàápàá kò gbà kó kọjá oṣù 1. Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àdúrà dí yín lẹ́nu. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́.

Àwọn tó ń sọ pé mo dójú ti Ìyá Ìjọ nígbà tí mo lọ béèrè owó mi: àwa méjì àti ìyàwó Àlùfáà nìkan la wà ní pálọ̀ wọn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ka Jákọ́bù. Mi ò pariwo, mi ò sì kúrò ní ìjọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 4 ni mo lọ, wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ ti padà sílé-ìwé.

Ó ku ₦12,000. Wọ́n kí mi lẹ́yìn ìsìn lánàá, mo kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn. Lọ́la, Ìṣẹ́gun, mo tún ń lọ.