Ohun tí elégédé kọ́ mi nípa títún ilé ìdáná ṣe

Bí ẹ bá ń ro bí ẹ ṣe máa tún ilé ìdáná yín ṣe, ẹ má tíì pe káfíńtà. Ẹ kọ́kọ́ ra elégédé ńlá kan, kí ẹ gé e, kí ẹ sè é nínú ilé ìdáná tí ẹ ní báyìí, bó ti wù kó rí. Mo mọ̀ pé ó jọ àwàdà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ nídìí elégédé pọ̀ ju èyí tí mo rí nínú gbogbo fọ́nrán tí mo ń wò lórí Instagram lálaalẹ́ lọ.

Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ilé tí à ń gbé ní Ìbàdàn. Búlọ́ọ̀kù ni iwájú, amọ̀ ni ẹ̀yìn, páànù ló bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn ni ilé ìdáná wà. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọkọ mi ti gbà pé kí á tún un ṣe, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. (Ẹni tó bá ń gbé ilé ẹbí, ìwé yẹn ṣáájú sìmẹ́ǹtì o.) Bí ìyẹn ti parí, kò sí ohun tó tún ń dí mi lọ́wọ́ àlá. Mo sì lá a dáadáa. Táìlì funfun láti ilẹ̀ dé àjà. Pẹpẹ òkúta dúdú tó ń dán gbinrin. Kọ́bọ́ọ̀dù tí kì í pariwo bí wọ́n bá tì í. Síǹkì oníhò méjì, fèrèsé ńlá lókè rẹ̀, kí n lè máa wo igi ọsàn tó wà lágbàlá bí mo bá ń fọ abọ́. Mo tún fẹ́ pẹpẹ kan láàárín gbùngbùn, tí àlejò á máa jókòó tì lórí àga gíga. Ọkọ mi ní àlejò wo. N kò dá a lóhùn.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí ọmọ mi obìnrin fi ti yunifásítì dé, tó ní òun ò jẹ ẹran mọ́. Kò jẹ ẹja, kò jẹ ẹyin, kò mu mílíìkì. Edé tí mo lọ̀ sínú ọbẹ̀, òórùn lásán ló fi mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ààwẹ̀ lo ń gbà ni?" Ó ní, "Rárá, Màmá Àgbà, bí mo ṣe fẹ́ máa jẹun nìyẹn." Màmá ní kò burú, wọ́n wá yíjú sí mi pé kí n ṣáà din ẹyin fún un.

Ká sọ tòótọ́, kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń rò ó. Epo pupa, ẹ̀wà, iṣu, ẹ̀fọ́, irú: kò sí èyí tó ti ara ẹran wá nínú wọn. Irú ló ń ṣe iṣẹ́ tí à ń retí lọ́wọ́ ẹran gbígbẹ àti edé, pàápàá irú wọ́rọ́ tí wọ́n ṣe dáadáa. Ibi méjì ni ẹ ti máa fọgbọ́n ṣe é. Ẹ ka ara páálí mágì, torí òmíràn ní adìyẹ tàbí edé nínú. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, mílíìkì màlúù ni; ti ẹ̀wà sọ́yà ni kí ẹ béèrè. Ẹ dín in kó pọ́n kí ẹ tó kó o sínú ọbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́.

Elégédé ni mo wá yàn láti máa sè fún un, ọjà Bódìjà ni mo sì ti ń rà á. Ó wù mí bẹ́ẹ̀, torí ọjà náà ni wọ́n ti ń ta pákó: èèyàn á ra ata, á ra irú, á sì béèrè iye tí pákó dé kó tó wọ mọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ yan elégédé, ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀. Bí èékánná bá wọlé, kò tíì gbó. Ẹ gbé e wò lọ́wọ́. Èyí tó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ ni kí ẹ mú. Ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi gé e kúrò lára ìtàkùn gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, kó sì ti gbẹ, torí ibẹ̀ ni ìdíbàjẹ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ti já. Èyí tó gbó dáadáa kò nílò fíríìjì. Ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi tó gbẹ tí atẹ́gùn ń dé. Lójú tèmi, oúnjẹ tí kò bèèrè iná ìjọba kì í ṣe oúnjẹ kékeré.

Gígé rẹ̀ ni ilé ìdáná mi ti tú ara rẹ̀ fó.

Pẹpẹ sìmẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ ga dé abẹ́ àyà mi. Téèyàn bá ń gé àlùbọ́sà, kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n elégédé ń fẹ́ kí èèyàn fi ara tẹ ọ̀bẹ, apá tó bá sì gbé sókè kò ní agbára. Mo gbé e lọ sórí tábìlì, tábìlì ń mì. Mo wá jókòó sórí àpótí bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, mo gbé pátákó síwájú, kíá ni mo gé e. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo pẹpẹ yẹn. Bí wọ́n bá ti gbé òkúta dúdú olówó ńlá lé e, gíga yẹn náà ni ì bá wà.

Nítorí náà, ẹ dúró ṣánṣán, kí ẹ ká apá yín. Láti ìgbọ̀nwọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ínṣì 4 sí 6. Ibẹ̀ ló yẹ kí pẹpẹ tí ẹ ó ti máa gé nǹkan líle wà. Káfíńtà á sọ fún yín pé ẹsẹ̀ bàtà 3 ni gbogbo ayé ń ṣe. Òótọ́ ni, òun ló wọ́pọ̀ jù, ó sì dára fún síǹkì àti fún ẹni tó ga. Èmi kò ga. Mo ní kó jẹ́ kí apá kan rẹlẹ̀, kó sì fi pákó tó nípọn ṣe é, kó kàn án mọ́ ògiri kó má baà mì. Ó ní kò ní bá ojú mu. Mo ní kò burú.

Òjìji tún ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Gílóòbù kan ṣoṣo tó wà láàárín àjà, ẹ̀yìn mi ló máa ń wà bí mo bá kọjú sí pẹpẹ, òjìji ara mi ló sì ń bo ọ̀bẹ. Lálẹ́, àfi kí n máa fi ọwọ́ tọ́ ibi tí màá gé. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ iná kó gbé iná kan sókè pẹpẹ gan-an, níwájú yín, kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ojú wáyà ni kí ẹ sọ gbogbo ibi tí ẹ ń fẹ́ iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà 1.5 mm ni wọ́n sábà ń lò fún gílóòbù, 2.5 mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì; bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ fi tín-ín-rín ti gílóòbù fa sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó máa ki blẹ́ńdà àti kẹ́tù bọ̀, ẹ bá a wí.

Ó yẹ kí n ti sọ bí a ṣe ń sè é. Ẹ gé ìdí elégédé pẹlẹbẹ kó lè dúró, kí ẹ fi ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ má ṣe gba orí ọ̀pá. Bó bá le jù, ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ fi ṣíbí kó hóró inú rẹ̀ jáde, ẹ má dà á nù: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ fi iyọ̀ yan án, ìpanu nìyẹn. Ẹ bó èèpo, kí ẹ gé ara rẹ̀ sí ìwọ̀n tí ẹnu gbà.

Ẹ ti se ẹ̀wà olóyin agolo méjì kó rọ̀ ṣáájú. Ẹ gbé ìkòkò kaná, epo pupa bíi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, kí ẹ má jẹ́ kó yọ èéfín. Àlùbọ́sà, irú, lẹ́yìn náà tàtàṣé àti ata rodo lílọ̀. Tòmátì díẹ̀ péré, torí elégédé fúnra rẹ̀ dùn. Bí ata bá ti dín tí epo yọ lójú, ẹ da elégédé sí i. Omi ife kan ti tó. Elégédé ní omi nínú púpọ̀, ẹni tó bá da omi sí i bíi ti iṣu á rí ọbẹ̀ ṣàlùṣàlù. Ẹ dé e, iná jẹ́jẹ́, bíi ogún ìṣẹ́jú. Ẹ wá fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, òun ni yóò mú un ki. Ẹ da ẹ̀wà sí i, àti wàrà sọ́yà tí ẹ ti dín. Gbẹ̀yìngbẹ́yín, ẹ̀fọ́. Ṣọkọ̀ dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ewé elégédé fúnra rẹ̀, gbọ̀rọ̀ tí àwọn ará Àkúrẹ́ kì í fi ṣeré, ẹ bó okùn ara igi rẹ̀ kúrò kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Iyọ̀. Ó tán.

Ẹ̀kọ tútù ni mo fi ń jẹ ẹ́. Àwọ̀ pípọ́n inú elégédé yẹn ni ara ń sọ di fítámì A, epo ló sì ń ràn án lọ́wọ́ kó wọ ara, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní òun ń gbé elégédé hó lásán torí ìlera. Màmá bu tiwọn, wọ́n ní oúnjẹ ayé àtijọ́ ni. Ọmọ mi sọ pé Amẹ́ríkà ni elégédé ti wá, bíi àgbàdo àti ata. Màmá ní ta ló bá wọn gbé e lọ síbẹ̀? Ẹ̀jọ́ náà kò tíì parí títí di òní.

Ìdí tí oúnjẹ yìí tún fi ṣe mí láǹfààní ni pé ìkòkò kan ni. Nígbà tí wọ́n tú ilé ìdáná, sílíńdà gáàsì kékeré kan ni mo gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi méjì. Ẹni tí kò bá lè se oúnjẹ ìkòkò kan, owó sìmẹ́ǹtì á bá a wọ búkà.

Nípa iṣẹ́ náà gan-an, òrùlé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Omi ló ń pa ògiri amọ̀ ju ohunkóhun lọ. Ẹ dúró ti ẹni tó ń kan páànù. Orí ibi tó yọ sókè lára páànù ni ìṣó ń wọ̀, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀, kì í ṣe inú kòtò tí omi òjò ń gbà ṣàn. Ẹ jẹ́ kí etí páànù yọ kọjá ògiri dáadáa, kí wọ́n sì da kọnkéré yí ẹsẹ̀ ògiri ká, kó dagun síta, torí omi tó ń já láti òkè a máa ta padà, á sì máa jẹ ìsàlẹ̀ ògiri díẹ̀díẹ̀. Ilé ìdáná Màmá ayé ijọ́un ní àlàfo láàárín orí ògiri àti páànù, èéfín ń gba ibẹ̀ jáde. Bíríkìlà fẹ́ dí i. Ẹni tó bá ti dín ata nínú yàrá tí wọ́n dí pa mọ̀ pé kò yẹ ká dí i. A fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó.

Lẹ́yìn náà ni ògiri. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì líle rẹ́ amọ̀, omi tó bá ti wọ inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde. Amọ̀ ń wú nígbà òjò, ó ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a ṣe é, ni yóò bá ṣí kúrò lára rẹ̀. Ẹ rìn yí àdúgbò Bẹẹrẹ ká ní Ìbàdàn níbí, ẹ ó rí i lára ilé lóríṣiríṣi. Yanrìn ni kó pọ̀, kí sìmẹ́ǹtì kéré, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kan nẹ́ẹ̀tì onírin tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìyẹ mọ́ ògiri kí ìrẹ́ lè dì í mú. Bó bá jẹ́ àkókò ọyẹ́ ni, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó má baà gbẹ kíákíá kó là.

Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò lè ru táìlì láti ilẹ̀ dé àjà. Àlá mi kúrú níbẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a mọ búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀yìn síǹkì àti ẹ̀yìn ààrò nìkan, ibẹ̀ ni táìlì máa wà, ọ̀dà ni ìyókù. Pẹpẹ àárín gbùngbùn ti lọ, àpótí mi ló wà níbẹ̀. Fèrèsé ńlá ni n kò fi sílẹ̀.

Táìlì ló kù báyìí. Ẹ rà á kó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lé sí ìwọ̀n tí ẹ nílò, torí èyí tó bá fọ́, ẹ lè máà rí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí ẹ bá padà sọ́jà. Funfun náà ni mo ṣì fẹ́. Ọmọ mi ní epo pupa á bà á jẹ́. Mo ní, ṣé òun ló máa fọ̀ ọ́ ni?