Àpàlà inú Márúwá

Inú Márúwá tó ń lọ sí Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, ni mo ti gbọ́ ọ: àpàlà, agídìgbo ń dún kíkankíkan lábẹ́ ohùn ọkùnrin kan. Kí n tó yọ fóònù, mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Shazam, áàpù tó máa ń dá orin mọ̀, kò wúlò mọ́ nìyẹn, àwo fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa dún kó tó lè dá a mọ̀. Google ló gbà kéèyàn kùn orin sí òun, láti 2020. Ohùn tèmi yìí ṣá!

Mo bá fẹnu kọ orin náà fún bàbá kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Kútọ̀.

"Àyìnlá Ọmọwúrà nìyẹn! Ìwọ ọmọ Ẹ̀gbá?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Kí lorúkọ orin ọ̀hún?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nínú àwo àpàlà àtijọ́, orin á máa wọnú orin ni, láìdúró. Torí náà, nọ́ńbà àwo ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún mi.