Ta ni babaogun ẹ̀dá ìtàn yìí?

Ní alẹ́ Sátidé kan, nínú pálọ̀ mi ní Bódìjà, àbúrò ìyàwó mi mú dáìsì olójú ogún kan ṣoṣo tí a ní dání, ó ń yí i láàárín ìka bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà, kò sì jù ú. Paladin, ìyẹn jagunjagun tó ń fi agbára mímọ́ jà, ni ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ nínú eré Dungeons & Dragons tí àwa márùn-ún ń ṣe, ìyẹn eré orí tábìlì tí òṣèré kọ̀ọ̀kan ti ń sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ṣe, tí dáìsì sì ń pinnu bí ó ṣe yọrí; èmi ni mo ń darí eré. Wọ́n ti mú ọmọdé kan tí ó jí àgbàdo inú àká abúlé kó fún àwọn ọlọ́ṣà, paladin yìí sì ti búra fún un pé bí ó bá fi ibùba àwọn ọlọ́ṣà náà han àwọn, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà ṣe tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, baálẹ̀ ní kí wọ́n fà á lé òun lọ́wọ́ kí a gé ọwọ́ rẹ̀, nítorí òfin abúlé nìyẹn. Ohun tí àbúrò mi sì ti kọ sórí ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Lawful Good, tí àwa ń pè ní olófin-onírere. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òfin ta ni mo kọ síbí yìí?”

Ó ju wákàtí kan lọ tí a fi jiyàn, wọ́n mú iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, a tún ń jiyàn.

Ìbéèrè rẹ̀ ni ó mú mi padà sí ibi tí ọ̀rọ̀ alignment, ìyẹn ìsọ̀rí bíi Lawful Good tí a ń kọ fún ẹ̀dá ìtàn, ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ìsọ̀rí mẹ́ta péré ni ó wà: Òfin, Rúdurùdu, àti àwọn tí kò gbè sí ibì kankan. Inú ìtàn àròsọ Poul Anderson àti Michael Moorcock ni èrò ìjà Òfin àti Rúdurùdu ti wá, inú eré ogun orí tábìlì ni eré náà fúnra rẹ̀ sì ti jáde, nítorí náà ohun tí a kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀dá ìtàn ni ìhà tí yóò dúró sí bí ogun bá dé. Ní ọdún 1978 ni ìwé àwọn òṣèré fi rere àti ibi dábùú òfin àti rúdurùdu, tí ó fi di ìsọ̀rí mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ìhà ogun sì di ọ̀rọ̀ ìwà. Nínú òfin ìgbà náà, paladin tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ hu ìwà ibi kan pàdánù ipò rẹ̀ títí láé. Àtúnṣe ọdún 2008 dín ìsọ̀rí náà kù sí márùn-ún, ti 2014 sì dá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ tí paladin jẹ́ ni wọ́n wá so agbára rẹ̀ mọ́, kì í ṣe alignment rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, àtúnṣe yìí ni ó dára jù lọ nínú gbogbo wọn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tètè yé ará Ìbàdàn. Àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n tẹ̀ dó síbí ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí agbára Ìbàdàn sì kan ìlú mìíràn, ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní babaogun kan láàárín àwọn ìjòyè, ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹni tí o ń dá lóhùn ni a fi ń mọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ àríyànjiyàn yẹn, n kì í béèrè bóyá ẹ̀dá ìtàn jẹ́ olófin mọ́. Mo ń béèrè pé ta ni babaogun rẹ̀, ta ni kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá rí i.

Ìbéèrè yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan tí ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ jẹ́ olè, tí ó kọ Chaotic Neutral, ìyẹn onírúdurùdu tí kò gbè sí rere tàbí ibi, sórí ìwé, tí ó sì ń yọ owó nínú àpò àwọn tí wọ́n jọ ń rìn. Bí a bá bá a wí, á ní, “Ìwà ẹ̀dá ìtàn mi nìyẹn,” á sì ki oríkì ìlú mọ́ ọn: Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ẹ̀rín máa ń pa wá, inú sì máa ń bí wa. Nígbà tí mo bi í léèrè babaogun olè rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó ní ìyá àgbà kan ni, tí ó tọ́ ọ dàgbà nínú ọjà. Láti ìgbà náà, owó tí ó ń jí ní ibi tí ó ń lọ.

Pẹ́ńsù nìkan ni mo ń jẹ́ kí wọ́n fi kọ alignment báyìí, lẹ́yìn ìjókòó kẹta, nígbà tí a ti rí ìwà lọ́wọ́ wọn. Ní ti àbúrò ìyàwó mi, ó pa Lawful Good rẹ́, ó kọ “ẹni tí mo bá búra fún” sí ojú rẹ̀. Kò fa ọmọ náà sílẹ̀. Títí di Sátidé tí ó kọjá, àwọn ẹ̀dá ìtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tíì lè wọ abúlé náà mọ́, ọmọ yẹn ni ó sì ń gbé àpò wọn.