Àwókù bàálù lórí òkè Bleaklow

Ohun tí mo máa ń fi Sátidé mi ṣe ní Manchester kì í tètè yé àwọn ará ilé ní Ìjẹ̀bú Igbó. Wọ́n mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́, wọ́n mọ̀ pé òtútù ń mú mi. Ṣùgbọ́n pé kí èèyàn gba ìsinmi, kó tún lọ máa gun òkè nínú òjò nítorí kó lè wo àwókù bàálù ayé ogun Hitler, wọn ò rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo wálé Iléyá tó kọjá, tí a ti ti Ojúde Ọba dé, tí oníkálukú ti bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé fóònù jáde kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òkè-Ṣọpẹ̀n, ló kọ́kọ́ la ẹnu. “Ọkọ mi, ṣé bíi ti Lísà yẹn ni?” Ìyẹn bàálù tó já ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí lóṣù Kẹwàá 2005, tó gbé èèyàn 117 lọ. Mo ní ó jọ ọ́, mà, àmọ́ tibẹ̀ yẹn ti pẹ́, kì í sì í ṣe ẹyọ kan.

Àárín Manchester àti Sheffield ni Bleaklow wà, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Peak District. Mítà 633 ni gíga rẹ̀, kò tó èyí tí ẹnikẹ́ni ń fi yangàn lágbàáyé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú tí ilẹ̀ ilé rẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹ ni mí, òkè ni lójú tèmi. Orí rẹ̀ kò ṣóńṣó. Àbàtà dúdú ló tẹ́ síbẹ̀, omi ti wa kòtò sí i káàkiri, ìkùukùu sì lè bò ó láàárọ̀ títí dalẹ́. Ìkùukùu yìí gan-an ló pa àwọn tí mò ń sọ.

Láyé ogun, pápákọ̀ òfurufú àwọn ológun wà lọ́tùn-ún lósì òkè yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì ń wa bàálù níbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ṣì ń kọ́. Ẹni tó ń mójú tó ọ̀nà nínú ọkọ̀ máa ń fi aago, kọ́ńpáàsì àti eré tí ọkọ̀ ń sá ṣírò ni: bí a bá ti fi iṣẹ́jú báyìí fò, ó yẹ ká ti dé ibi báyìí. Tí afẹ́fẹ́ bá wá ń fẹ́ ju bí wọ́n ṣe sọ fún wọn lọ, ìṣirò ti dojú rú nìyẹn. Wọ́n á rò pé àwọn ti ré òkè kọjá, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè rí ilẹ̀. Aago tó ń sọ bí wọ́n ṣe ga tó kò lè gbà wọ́n, nítorí gíga sí òkun ló ń kà, kò mọ̀ pé òkè wà níwájú.

Èyí tí èrò máa ń wọ́ lọ wò jù ni B-29, bàálù ológun ńlá àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ ní Over Exposed. Ogun tiẹ̀ ti parí kó tó já, ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 1948. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó ya fọ́tò nígbà tí wọ́n dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Bikini, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, ní 1946. Láti Scampton sí Burtonwood, pápákọ̀ ológun méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn, ibi tí kò jìnnà, ó gbé owó oṣù àwọn ọmọ ogun dání. Àwọn 13 ló wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ò yè. Ẹ́ńjìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀ gbalaja níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń ri àgbélébùú onígi kéékèèké mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ibi fọ́tò ẹ́ńjìnì yẹn ni àbúrò bàbá mi ti gba fóònù lọ́wọ́ mi. Irin kóńdẹ̀mù ni wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ojú wọn kì í fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

“Àlùmíníọ́mù ni gbogbo èyí?”

“Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni, sà.”

“Ó wà nílẹ̀ látọdún wo, ẹnikẹ́ni ò kó o?”

Mo ṣàlàyé pé àwọn ológun àtàwọn ará àdúgbò ti kó púpọ̀ nígbà yẹn, pé òfin kan sì wà láti 1986: ọkọ̀ òfurufú ológun èyíkéyìí tó bá já ní Bìrìtìkó, àwókù rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ tàbí kó mú nǹkan kúrò láìgbàṣẹ. Wọ́n bi mí pé ta ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ. Mo ní kò sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ibi tí èmi fẹ́ràn jù kọ́ nìyẹn ṣá. James’s Thorn ni, lára òkè kan náà, níbi tí bàálù méjì já sí nítòsí ara wọn láàárín oṣù mẹ́ta. Lancaster, bàálù ajubọ́ǹbù àwọn ará Kánádà, já ní 18 oṣù Karùn-ún 1945, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ogun parí ní Yúróòpù, ó pa mẹ́fà. Ní 24 oṣù Keje, C-47, bàálù akẹ́rù àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń lọ sí Scotland, tún forí sọ ibẹ̀, ó pa méje. C-47 yìí ni àwọn Òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Dakota.

Dakota, mo ti gbọ́ orúkọ yẹn láti kékeré. Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí Bọ́mà. Wọ́n wà nínú ẹ̀ka ológun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó gba àfonífojì Kaladan ní 1944, níbi tí igbó di, tí oúnjẹ ò lè gba ọ̀nà ilẹ̀ dé bá wọn. Láti òkè ni ohun gbogbo ti ń bọ̀: ìrẹsì, bisikíìtì, ọta ìbọn. Bàbá máa ń nàró lórí àga wọn láti fi hàn wá bí ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà bàálù ṣe máa ń fi ẹsẹ̀ ti àpò. Èyí tó bá ní páráṣúùtì á rọra wá, èyí tí kò bá ní in, ẹ sá fún un. Wọ́n ní aṣọ páráṣúùtì ni àwọn fi ń rán ṣẹ́ẹ̀tì.

Àwókù Dakota ti James’s Thorn pọ̀ nínú àfonífojì omi kékeré kan tó ń jẹ́ Ashton Clough. Ẹ́ńjìnì wà níbẹ̀, òpó tí táyà ń bẹ lára rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo jókòó ti páànù kan tó gùn tó apá mi. Ìṣó wẹ́wẹ́ tò lórí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kò sí èyí tó yẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ṣẹ́ kù díẹ̀ ní igun kan, etí rẹ̀ sì ti ká wọnú bí ewé kókò tó gbẹ. Kò nípọn rárá. Irú páànù yìí ló dá àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún bàbá mi àgbà dúró sójú ọ̀run, láàárín òkè tó ga ju Bleaklow lọ, nínú òjò Bọ́mà. Ó pẹ́ kí n tó dìde níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ èyí tán, àbúrò bàbá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, “Ó da. Ìmàgbòn ńkọ́? O ti débẹ̀ rí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo mọ ọjọ́ tí Lancaster yẹn já àti iye tó pa. Àwọn ará wa tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim pa ní Ìmàgbòn lóṣù Karùn-ún 1892, n ò lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Kò kúkú sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sára òkúta fún mi láti kà. Síbẹ̀ àbúrò bàbá mi náà ò tíì débẹ̀ rí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ìyá Òkè-Ṣọpẹ̀n ní tiwọn fẹ́ mọ̀ bóyá òkú ṣì wà lórí òkè náà. Mo ní rárá o, wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì sin wọ́n. “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí, wọ́n bá ní kí n lọ jẹ ìkókóré mi kó tó tutù.

Ẹni tó bá wà ní Manchester tó fẹ́ lọ, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Piccadilly lọ sí Glossop, bí ìdajì wákàtí ni, kí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn gba Old Glossop. Ẹ mú máàpù oníwèé dání, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń lọ lókè. Ẹ má lọ lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá wálẹ̀. Lásìkò òtútù, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ tètè jáde nílé, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan. Bó ti wù kí páànù yẹn kéré tó, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ẹ ti bá a.