Ẹ wọ ọkọ̀ onígi ní Igbókọ̀dá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àkúrẹ́, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti wàhálà ibi iṣẹ́ ti gba ọkàn yín kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ sí Igbókọ̀dá, ìlú etí omi ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ọ̀nà Oǹdó la gbà, Òrè, Òkìtìpupa, gálọ́ọ̀pù pọ̀, ó parí.

Àmọ́ wọ́n kọ́kọ́ bí mi nínú ní etí omi o. Bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni ọmọkùnrin kan já báàgì mi gbà, kò bi mí léèrè, ó gbé e dé jẹ́tì, ibi téèyàn lè fojú rí láti ibi tá a dúró sí, ó wá ní ₦3,000. Fún báàgì kan ṣoṣo! Mo ní n kò san án, ó ní òun ò ní gbé e sílẹ̀, àfìgbà tí ìyá kan tó ń ta edé pariwo mọ́ ọn pé, "Ṣé àlejò ni ìfà yín ni? Gba ₦500 kó o máa lọ!" Ó gbà á. Ẹ ṣé o, ìyá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ di báàgì yín mú gírígírí.

Àwọn ọlọ́kọ̀ fáíbà ń pè mí, eré burúkú ni tiwọn, omi á sì ta sí yín lára dé Ayétòrò, ìlú etí òkun. Ọkọ̀ onígi tó ń kó ẹrù ni mo wọ̀. Ó pẹ́ kó tó kún, wọ́n ń to àpò gaàrí, wọ́n ń to píọ̀ wọ́tà fún àwọn tó jẹ́ pé orí omi ni wọ́n ń gbé, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn gan-an. Nígbà tá a gbéra, ọkọ̀ ń rọra lọ láàárín igi ògùrọ̀, ewéko orí omi wá lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnì, awakọ̀ pa á, ó tẹ̀ ba, ó ń fọwọ́ já a díẹ̀díẹ̀, kò bínú, ẹnikẹ́ni ò ṣépè. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn! Àyà mi tó ti ń lù kìkì láti ọjọ́ tó ti pẹ́ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Màmá tó jókòó tì mí ní ọmọ Ayétòrò lòun, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀dó lọ́dún 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn. Òkun ti ń jẹ ìlú náà lọ báyìí, ilé bàbá rẹ̀ ti wà nínú omi. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ló bá bi mí bóyá mo ti jẹun. Ó yẹ kí ìjọba gbọ́ ti ìlú yẹn, ó ti pẹ́ jù!

Púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó ni mo jẹ nígbà tá a dé, ẹja tútù ńlá wà nínú ẹ̀, owó ẹ̀ ò wọ́n rárá. Ẹ tètè jí lọ, ẹ mú ṣéńjì dání, ẹ béèrè láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀, tí wọ́n bá ní kò sí, ẹ dúró de òmíì.