Kúlà ọ́ìlì jíà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Sienna mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ jíà ọ́tò kó èrò ní Èkó, ẹ gbọ́ ti kúlà ọ́ìlì jíà, ohun tó ń tu ọ́ìlì jíà lára. Inú ràdíétọ̀ ni èyí tó bá ọkọ̀ wá máa ń wà, omi ẹ́ńjìnnì ló sì ń tu ọ́ìlì lára níbẹ̀. Bí omi yẹn bá ti gbóná, ọ́ìlì kò ríbi tutù sí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí èrò kún ọkọ̀, tí AC ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 80 sí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè kọjá 120. Á dúdú, á máa rùn bí ohun tó jóná. Ìdí nìyẹn tí mo fi so kúlà kejì mọ́ ọkọ̀ mi.

Iṣẹ́ náà kò le. Họ́ọ̀sì ló ń bà á jẹ́. Mẹkáníìkì á fẹ́ lo họ́ọ̀sì omi, torí òun ló wà nílẹ̀. Ẹ má gbà! Ọ́ìlì máa ń jẹ rọ́bà yẹn títí á fi wú, á sì bẹ́ lójú títì. Họ́ọ̀sì ọ́ìlì jíà gan-an ni kí ẹ rà.

Ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, wọ́n á gbé kúlà tòkunbọ̀ wá, owó rẹ̀ á sì wọ̀ yín lójú. Ta ló mọ jíà tó kú sí i lọ́rùn? Èérún irin jíà yẹn lè wà nínú rẹ̀, fífọ̀ kì í sì í tètè kó o tán. Tuntun ni mo rà.

Iwájú kọndẹ́ńsà (ràdíétọ̀ ti AC) la gbé e sí, lórí irin tí a dè mọ́ ara ọkọ̀. Àwọn kan ń fi táì oníke gún kúlà láàárín láti dè é. Ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ á fi ya á ni. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì kọ́kọ́ gba ràdíétọ̀, kó tó dé kúlà, kó wá padà sínú jíà. Bí ẹ kò bá mọ họ́ọ̀sì tó ń padà, ẹ yọ họ́ọ̀sì kan lára ràdíétọ̀, ẹ fi ìgò gbe ẹnu méjèèjì, ẹ sítáàtì ọkọ̀ fírí, ẹ wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde: bó bá jẹ́ láti ara ràdíétọ̀, họ́ọ̀sì tó ń padà lẹ yọ yẹn.

Kúlà náà á mu ọ́ìlì díẹ̀, nítorí náà ẹ wo géèjì ọ́ìlì jíà, kí ẹ fi kún un bó bá dín. Ti Sienna mi, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó ti gbóná, tí jíà wà ní P (páàkì), ni mo ń wò ó. Fáànù ràdíétọ̀ tí kò yí dáadáa ńkọ́? Ẹ tún un ṣe ná. Jíà tó sì ti ń yọ̀ tẹ́lẹ̀, kúlà kò lè wò ó sàn.